Iye Tí Mọ́tò Pupa Ẹ̀gbọ́n Mi Tó

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí àgbà mọ́tò tó, ẹ má bi ẹni tó fẹ́ tà á, ẹ má sì bi ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹni àkọ́kọ́ á parọ́ gòkè, ẹnì kejì á parọ́ sọ̀ kalẹ̀. Èmi ni kí ẹ bi. N kò ní mọ́tò kankan nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nítorí náà n kò ní ìdí láti parọ́. Ṣùgbọ́n mo jókòó sínú ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ tà, mo sì dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí àyà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ẹni tí àyà rẹ̀ bó nítorí ọjà kan, ẹ gbà pé ó mọ ọjà náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni ín. Ó kù bí ọdún mélòó kan kí òmìnira dé. Iṣẹ́ fọ́tò ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe ní ìlú Ọ̀yọ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà Àkẹ̀sán, èmi sì jẹ́ tíṣà kékeré tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, tó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, tó sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Òyìnbó kan wà tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba. Ó fẹ́ràn fọ́tò tí ẹ̀gbọ́n mi ń yà. Nígbà tó ń padà sílé, ó ta mọ́tò rẹ̀ fún un ní ọ̀pọ̀. Ọwọ́ òyìnbó mìíràn ni òun náà ti rà á, nítorí náà nígbà tó fi máa dé ọwọ́ wa, ó ti di àgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i, ẹ kò ní mọ̀. Pupa ni, ó pọ́n bí ata ojú oòrùn. Imú rẹ̀ gùn, ìdí rẹ̀ kúrú, ìjókòó méjì péré ló wà nínú rẹ̀, kò sì lórùlé. Aṣọ kan ló ká jọ sẹ́yìn rẹ̀ tí à ń nà sórí bí òjò bá ṣú. Eku ti jẹ aṣọ náà lójú mélòó kan, tó fi jẹ́ pé bí òjò bá rọ̀, omi á kọ́kọ́ kóra jọ sórí aṣọ, á wá dà lé wa lórí lẹ́ẹ̀kan náà.

Eré sísá ni wọ́n ṣe mọ́tò náà fún. Òyìnbó yẹn sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé irú rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ìlú àwọn fi ń sáré fún ìdùnnú. Wọn kò lé ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò lé wọn, wọ́n kàn ń sáré ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn. Ọ̀yọ́ kọ́ ni ìlú tí ọ̀dọ́ ti í sáré kọjá níwájú ilé onílé. Bí o bá wọ bọ́lẹ̀kájà, o ti wọ àárín èrò, bàbá tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò ní mọ̀ pé o kọjá. Ṣùgbọ́n nínú mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi, a ṣí sílẹ̀ gbayawu bí ẹran lórí àtẹ. A tún lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé àgbàlagbà tó jókòó sórí àpótí, àtàrí wa ló ń wò. A kò lè ní a kò rí wọn. Wọ́n ti rí i pé a rí wọn.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi á tẹ búréèkì. Á pa ẹ́ńjìnnì, kí ariwo rẹ̀ má bàa bo ìkíni mọ́lẹ̀. Á sọ̀ kalẹ̀, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Èmi náà á sọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tèmi, n óò dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ jí dáadáa? Ìyá yín ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ta nìyẹn lọ́hùn-ún? Háà, tíṣà! Àwọn ọmọ iléèwé ńkọ́?”

A óò dáhùn gbogbo rẹ̀, a óò wọlé padà, ẹ̀gbọ́n mi á sítáàtì ẹ́ńjìnnì, a óò rìn dé ojúlé kejì. Bàbá mìíràn á wà níbẹ̀, á ti tún fìlà ṣe, á ti múra àtigbà ìkíni. Ẹni tí a jọ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, tó fẹsẹ̀ rìn, á ti délé, á ti jẹun, á ti máa fi igi ta eyín kí a tó dé.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ṣe sí iye tí mọ́tò náà tó. Àwọn tó ń wò wá lókèèrè kò rí ìkíni. Mọ́tò tó ń kú láti ojúlé dé ojúlé ni wọ́n rí. Kò pẹ́ tó fi di ọ̀rọ̀ nínú ọjà pé mọ́tò onífọ́tò kò lè rìn ju ilé mélòó kan kó má kú. Mẹkáníìkì kan tiẹ̀ wá kí wa kú ìrọ́jú. Ó ní òun gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì ti ń pọ̀kàkà ikú. Ẹ̀gbọ́n mi sítáàtì rẹ̀ kí ó gbọ́ ọ. Ó ń kùn ṣìnnìnnì, kò wúkọ́, kò sín. Mẹkáníìkì mi orí, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Bí aláìsàn bá ti fẹ́ lọ, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ yá.”

Bí mọ́tò tí ara rẹ̀ le ṣe di òkú nìyẹn ní gbogbo Ọ̀yọ́, nítorí pé àwọn tó ni ín mọ ẹ̀kọ́ ilé.

Ẹ̀gbọ́n mi kò kọ́kọ́ ka èyí sí. Kò fẹ́ tà á. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ràn èmi lọ, n kò sì dá a lẹ́bi, mọ́tò kì í jẹ ẹran nínú ọbẹ̀. Ìbejì ló yí ọ̀rọ̀ padà.

Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí oyún rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n ní kó lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó lọ, ó bí ìbejì, obìnrin méjèèjì, wọ́n le koko. A sọmọ lórúkọ, a jẹ, a mu, a padà sí Ọ̀yọ́. Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, ẹ̀gbọ́n mi fọ mọ́tò, ó lọ láti kó aya àti ọmọ wálé. Òun nìkan ló padà dé. Ó jókòó sínú ìyàrá, kò tú bàtà.

“Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n?”

“Bàbá ìyàwó mi ní kò ní ṣeé ṣe.”

“Wọ́n ń gba ìyàwó yín padà ni?”

“Bàbá ní ìjókòó mélòó ló wà nínú mọ́tò mi. Mo ní méjì. Bàbá ní èèyàn mélòó ni wá. Mo ní mẹ́rin.” Ó na ìka mẹ́rin sí mi. “Bàbá ní òun kò ní kó ìbejì sínú ọpọ́n ìwẹ̀ kí atẹ́gùn máa gbá wọn létí láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́. Wọn kò sì ní wọ bọ́lẹ̀kájà. Mo ní kí n lọ yá mọ́tò ọ̀rẹ́ mi. Bàbá ní ṣé ọ̀rẹ́ mi ló bí wọn ni.”

Ohun tí wọ́n là sílẹ̀ fún un nìyẹn. Ọjọ́ tó bá mú mọ́tò olórùlé wá, mọ́tò tó jẹ́ tirẹ̀, ọjọ́ náà ni yóò kó ẹbí rẹ̀ lọ. Kò sì sí ọ̀nà tó lè fi rí òmíràn, àfi kó ta pupa yìí, kó sì tà á dáadáa. Mo wò ó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó máa ń sọ fún gbogbo ìlú pé kí wọ́n rẹ́rìn-ín, òun gan-an kò rẹ́rìn-ín mọ́. Fọ́tò àwọn ọmọ náà, èyí tó yà lọ́jọ́ ìkómọ, ó wà lórí tábìlì tó ti ń jẹun, ó fi ṣíbí tì í kí atẹ́gùn má gbé e lọ.

Àwọn ará Ọ̀yọ́ kò ní ra òkú. Ó ranṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó rí ẹni tó fẹ́ wá wò ó: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti pẹ́ ní Góòlù Kóòsì nídìí òwò aṣọ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí owó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi múra sílẹ̀. Ìjókòó mọ́tò ti ya, irun inú rẹ̀ ti ń yọ síta. Ó gbé e lọ bá àwọn oníṣẹ́ awọ wa ní Ọ̀yọ́. Wọ́n fi awọ ewúrẹ́ pupa àti aláwọ̀ ewé bò ó, wọ́n ṣe ọnà sí i lára bí ìrọ̀rí inú ààfin. Ẹ̀gbọ́n mi ní èyí nìkan tó láti fi ìdajì kún owó rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n fi awọ bo imú rẹ̀ náà, ká lè tà á fún ọba. Kò dá mi lóhùn.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan la lọ, iléèwé ti gba ọlidé. A kò sáré. Eruku ojú ọ̀nà bò wá mọ́lẹ̀ tó fi jẹ́ pé nígbà tí a dé, mọ́tò àti ẹni tó wà nínú rẹ̀, àwọ̀ kan náà ni wá. A bu omi, a nù ún, a nu ara wa, a gbé e lọ bá oníbàárà wa.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jáde sí wa pẹ̀lú ṣòkòtò funfun báláú, bàtà funfun, awò dúdú lójú. Ó yí mọ́tò po láìsọ̀rọ̀. Ó kan bọ́dì rẹ̀ kó kó, ó tẹ́tí sí i. Ó dùbúlẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá irin rẹ̀ ti dípẹtà. Ó fi èékánná ha ọ̀dà rẹ̀ láti mọ̀ bóyá a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹ̀gbọ́n mi ní ìbéèrè.

“Bùrọ̀dá, ta ló lò ó kí ẹ tó lò ó?”

“Òyìnbó.”

“Òyìnbó wo? Èyí tó ń mutí àbí èyí tí kì í mu?”

“Tíì ló ń mu.”

“Ó dáa. Ṣé ó ti gbá èèyàn rí?”

“Rárá o.”

“Ewúrẹ́ ńkọ́?”

“Adìẹ kan,” ni mo dáhùn. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí.

“Ṣé ó ti gbé òkú rí? Ẹ sọ òótọ́ fún mi. N kì í ra mọ́tò tó bá ti gbé òkú.”

“Ọ̀gá,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, “níbo ló fẹ́ tẹ́ ẹ sí?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo inú mọ́tò, ó rí i pé òótọ́ ni, ó rẹ́rìn-ín. A ti rí i pé ọjà ń lọ. Àfi bó ṣe rí ìjókòó.

“Kí lẹ ṣe sí i báyìí?”

“Awọ Ọ̀yọ́ nìyẹn. Ẹ fọwọ́ kàn án.”

“Háà, Bùrọ̀dá, ẹ bà á jẹ́! Àwọn tó mọ irú mọ́tò yìí, bí wọ́n ṣe ṣe é jáde ní ìlú òyìnbó gan-an ni wọ́n ń fẹ́ ẹ. Ìjókòó tí wọ́n rán mọ́ ọn ńkọ́?”

“Eku ti jẹ ẹ́.”

“Ẹ̀ bá jẹ́ kí eku jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ eku òyìnbó, ó tún lówó lórí.”

Ṣùgbọ́n n kò rò pé inú rẹ̀ bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ná an lọ, wọ́n ná an bọ̀, ẹnu wọn súnmọ́ra. Ó ní kí òun kọ́kọ́ wà á dé Takie, oríta àárín ìlú, kí ara ìlú rí i. Ó wọlé, ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì í, èmi gun aṣọ tó ká jọ sẹ́yìn bí àṣá tó bà sórí igi.

Kò dé ojúlé kẹta. Bàbá kan na ọ̀pá sí wa láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. “Dúró! Ṣé kì í ṣe ọmọ ìyá aláró tó lọ sí Góòlù Kóòsì nìyẹn?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ búréèkì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ṣòkòtò funfun náà dọ̀bálẹ̀.

“Ìwọ rèé! Láti ìgbà tó o ti dé! Kí lo mú bọ̀ fún wa?”

Ẹ̀yin náà mọ ìbéèrè yẹn. Ẹni tó ti ìdálẹ̀ dé, tó gun mọ́tò pupa, kò lè sọ pé òun kò mú nǹkan bọ̀. Ó kọwọ́ bọ àpò. A tún sítáàtì. Ojúlé kejì sí i, ìyá arúgbó kan ń dúró dè wá, ìròyìn ti sáré ṣáájú wa. Ní ilé tó tẹ̀ lé e, àwọn bàbá tó ń ta ayò pa ayò tì, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tí a fi dé Takie, orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ ti pọ́n, àyà ẹ̀wù rẹ̀ ti pọ́n, àpò rẹ̀ sì ti yí síta bí etí ajá. Àwọn tó wà ní oríta sì ti ń sọ fún ara wọn pé mọ́tò yìí dára lójú, ṣùgbọ́n ẹ wò ó bó ṣe ń kú káàkiri.

Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ jẹ́jẹ́.

“Bùrọ̀dá, ọjà yín dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra mọ́tò yìí ní ìlú baba rẹ̀, ojoojúmọ́ ni yóò máa rà á.”

Ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ sílé. N kò tíì gbọ́ ẹni tó mọ iye ọjà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣáájú ọjọ́ yẹn tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tó kù tí a lè lọ ni ilé àwọn àna wa. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ fojú kan àwọn ọmọ kí a tó padà. Bàbá ìyàwó rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò obì, ó ń kó o lọ sí ilẹ̀ Hausa, ó ga, ó funfun ní irùngbọ̀n, láwàní rẹ̀ sì tóbi tó fi jẹ́ pé òun pẹ̀lú rẹ̀ kò lè gba ẹnu ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀kan náà bí kò bá bẹ̀rẹ̀. A bá a ní ẹnu ọ̀nà, ó ti ṣe àlùwàlá, ó ń wo òpópónà. Mọ́tò dúdú tó fi ń kó obì ti lọ gbé iṣu wá láti Ìkòyí-Ilé, dẹ́rẹ́bà kò sì tíì dé. Àkókò Jímọ̀ ń lọ, orúnkún kò sì jẹ́ kí bàbá lè fẹsẹ̀ rìn.

Ó wo mọ́tò pupa. Ó wo òpópónà. Ó tún wo mọ́tò pupa.

“Ọpọ́n rẹ yìí,” ó ní, “ṣé ó lè gbé mi dé mọ́ṣáláṣí?”

“Ó lè gbé yín dé Mẹ́kà, bàbá,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

“Má sọ àsọdùn.”

Ó gbà wá ní àsìkò kí a tó rọra gbé bàbá sílẹ̀ sínú rẹ̀, nítorí ìjókòó náà jìn. Èmi gbé ẹní àti búta àlùwàlá, mo gun ibùjókòó àṣá mi lẹ́yìn. Bàbá fọwọ́ ra awọ ìjókòó. Ó fọwọ́ rà á lẹ́ẹ̀kejì.

“Àwọn ará Ọ̀yọ́ ló ṣe èyí. Bàbá mi ní gàárì kan tó rí báyìí gẹ́lẹ́. Bó bá gun ẹṣin jáde, àwa ọmọ á máa sáré tẹ̀ lé e.” Ó gbé ara lé e dáadáa. “Súbúháná Ọlọ́run.”

Ẹ̀gbọ́n mi gbéra. Bàbá àkọ́kọ́ tí a kàn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti ń lọ sórí búréèkì, ara mi ti ń rọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dìde. Ó bọ́ fìlà, ó tẹríba. “Ẹ kú Jímọ̀ o, bàbá!” Bàbá wa gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀. A kọjá. Ojúlé kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Àwọn ọ̀dọ́ ń dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, àwọn obìnrin ń kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n wọn, mọ́tò sì ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò dúró, kò kú. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ń wo ohun tí n kò rí rí: mọ́tò pupa ẹ̀gbọ́n mi ń rìn.

“Rọra,” ni bàbá wí. “Kí ló ń lé ọ?”

Lẹ́yìn ìrun, ó ní kí a gba Takie padà. Takie kò sí lọ́nà ilé. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a délé, kò tètè sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ìka lu ilẹ̀kùn mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. “Nínú mọ́tò dúdú, ta ló ń rí ènìyàn? Inú òkùnkùn ni mo máa ń jókòó sí pẹ̀lú obì.” Ó tún fọwọ́ ra awọ ìjókòó. “Èló lò ń ta ọpọ́n yìí?”

Ọjà ti tà lójú mi. Mo ti rí àwọn ọmọ náà nínú mọ́tò olórùlé. Mo ti rí ẹ̀gbọ́n mi tó ń rẹ́rìn-ín. Mo wò ó kó lè dárúkọ owó. Ó ti wà nílẹ̀ ní ìdọ̀bálẹ̀.

“Bàbá,” ni àgbà òmùgọ̀ náà wí láti inú eruku, “ṣé àna ń ta ọjà fún àna ni? Tiyín ni. Ẹ gbà á.”

Kí ẹ tó bá mi bú u, ẹ bi ara yín ohun tí ẹ̀yin ì bá sọ. Ẹni tó fún ọ ní ọmọ rẹ̀, kí ló kù tó o fẹ́ díye lé fún un? Kò sẹ́ni tó kọ́ wa pé kí a má bá àna ná ọjà, ẹnu kàn kọ̀ ọ́ ni. Bàbá náà kò sì lè sọ pé rárá, jẹ́ kí n sanwó. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, ó ti sọ níwájú ìta pé òun kò ka ọkọ ọmọ òun sí ẹni tó lè fún òun ní nǹkan. Ohun kan ṣoṣo tí ènìyàn lè ṣe ló ṣe. Ó ṣàdúrà.

“O ṣeun. Ọlọ́run á fi èyí tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀.”

“Àmín,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Èmi kò ṣàmín. Mo ń ṣírò bí a ó ṣe wọ bọ́lẹ̀kájà padà sí Ọ̀yọ́. Mọ́tò tí òyìnbó ṣe, tí òyìnbó méjì lò, tí a fi awọ ọba bò, iye rẹ̀ ti di àdúrà kan.

Ìyá ìyàwó tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣe ṣìọ̀. “Ẹ̀yin ọkùnrin yìí,” ó ní, “ẹ máa kíra yín lọ. Ọmọ mi á dàgbà sí ìyàrá mi.” Ó wọlé lọ.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló jáde. Ó pọn ọmọ kan, ó gbé ìkejì sọ́wọ́. Ó kí mi, “Tíṣà mi, ẹ káàbọ̀,” ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ojú rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀.

“Bàbá, ẹ kú oríire mọ́tò. Àwọn tó ni ín ní kí n kí yín.”

“Àwọn tó ni ín? Ọkọ rẹ kọ́ ló ni ín?”

“Ó ti kúrò lọ́wọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ ìkómọ, ó dìde níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní gbogbo ohun tí òun ní, ti àwọn ọmọ òun ni. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀.”

“Mo wà níbẹ̀.”

“Ẹ ṣàmín.”

Bàbá fọwọ́ ra irùngbọ̀n. “Mo ṣàmín.”

“Ó dáa náà. Bàbá wọn kò lè gba nǹkan lọ́wọ́ yín, èmi náà kò lè gbà á. Ṣùgbọ́n ìbejì kò mọ àna. Ẹ̀yin lẹ sì kọ́ mi ní kékeré pé a kì í gba ti ìbejì ní òfo.”

Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí sókè nínú eruku. Mo rí bàbá tó ń wá ọ̀nà láti bínú, tí kò rí i. Òótọ́ ni. Ta ló máa gba nǹkan èjìrẹ́ kó má fi nǹkan sí wọn lọ́wọ́? Kì í ṣe òun, bí ó ti wù kí láwàní rẹ̀ tóbi tó.

“Mùsùlùmí ni mí o,” ó ní. “N kì í bọ ìbejì.”

“Wọn kò ní kí ẹ bọ wọ́n, bàbá. Ọjà ni wọ́n ń tà.”

“Kí ni wọ́n ní àwọn ń fẹ́?”

Ó gbé etí sí ẹnu ọmọ ọwọ́ rẹ̀. “Èyí ní òrùlé ni òun ń fẹ́.” Ó yí orí sí ti ẹ̀yìn rẹ̀, ó tẹ́tí. “Èyí ní kí ó gba ènìyàn mẹ́rin.”

“Wọn kò tíì yọ eyín, wọ́n ti ń ná ọjà.” Ẹ̀rín ti ń mú bàbá. “Ìyá wọn ni wọ́n jọ. Wọn kò ha lè dín díẹ̀ níbẹ̀?”

“Wọ́n ní àwọn kò mọ ọjà ná, bàbá. Ọmọdé ni àwọn.”

Bí Ọlọ́run yóò ti ṣe é, mọ́tò dúdú yọ ní orí òpópónà, iṣu kún un dé ojú fèrèsé. Àgbà ni òun náà, ṣùgbọ́n ó lórùlé. Wọ́n ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò nítorí agbọ̀n obì, iná ojú rẹ̀ kan ti fọ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń wúkọ́ bí arúgbó tó fẹ́ dìde. Gbogbo wa yíjú sí i. Bàbá la ẹnu.

“Mọ́tò dúdú yẹn...”

“Wọ́n ti gbà!” ni ìyá ìyàwó pariwo láti inú ilé. Kò lọ jìnnà látìgbà yẹn.

A já iṣu kalẹ̀, a gbé ìjókòó ẹ̀yìn jáde láti inú àjà, a dè é mọ́ ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Bàbá kò dúró wò wá. Ó ti jókòó sínú mọ́tò pupa níwájú ilé rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, kò lọ síbì kankan, àwọn tó ń kọjá sì ń kí i.

Bí ẹ bá bi onímọ́tò ọjọ́ òní èwo ló níye lórí jù nínú méjèèjì, á ní pupa ni, á ní wọ́n rẹ́ wa jẹ. Ó lè jẹ́ òótọ́. Èmi kàn mọ̀ pé mọ́tò kan wà tí kò tó nǹkan kan lọ́wọ́ ọ̀dọ́ ní Ọ̀yọ́, tí ọ̀dọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ kò fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tó sì di ẹṣin lábẹ́ ẹni tó ti tó kí. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni. Táyà kan náà ni.

Ọjọ́ rọ̀ kí a tó gbéra. Ìyàwó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọmọ àti ẹrù wọn, èmi jókòó síwájú, gbogbo inú mọ́tò ń rùn fún obì àti ewé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń wà á jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé ẹyin. A kò tíì jìnnà sí ìlú tí ọ̀kan nínú wọn fi bú sẹ́kún. Ìkejì gbọ́, ó dára pọ̀ mọ́ ọn. Inú mọ́tò há, òrùlé kò jẹ́ kí ohùn wọn lọ síbì kan, àfi etí wa. Mo yíjú láti sọ fún ìyá wọn pé kó fún wọn ní ọmú.

“Fi wọ́n sílẹ̀,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó ti fa fèrèsé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè pátápátá, òógùn sì ń ṣàn lójú rẹ̀. “Fi wọ́n sílẹ̀ ná. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, n kò tíì gbọ́ wọn tó báyìí.”